Ọkọ̀ Tí Kò Fà Mọ́: Ta Ni Yóò Bi Í Ní Ohun Tí Ó Ń Ṣe É?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé mo ti yà kúrò lórí ọ̀rọ̀ èdè. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Mo ní ọkọ̀ Toyota Sienna kan, ti ọdún 2002. Tòkunbọ̀ ni. Ẹ wo bí orúkọ yìí ti dùn tó: orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun kí a tó gbé e wálé ni a fi ń pe ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò lọ́hùn-ún kí ó tó dé ọwọ́ wa. Ọkọ̀ yìí ni mo fi ń lọ, tí mo fi ń bọ̀, láàárín Ayétẹ̀ àti Igbó-Ọrà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èrò márùn-ún àti àpò gàrí mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Bí a ti ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo tẹsẹ̀ mọ́ ọn, kò fà. Iná kékeré kan níwájú mi ń ṣẹ́jú. Ọkọ̀ akẹ́rù kan sì ń fun fèrè kíkankíkan lẹ́yìn wa. Ìyá àgbà kan nínú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe orí rẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti ya wọ Ìgàngàn ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, kò sí ará Ìbàràpá tí ó fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lẹ́bàá ọ̀nà. Ìdí nìyí tí n kì í fi í fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí kò fà ṣe ẹ̀rín.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ bá, ní ìlú ńlá kan, kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó mi orí, ó ní ọpọlọ ọkọ̀ ti kú. Mo san owó ọpọlọ mìíràn. Ó tún pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tí ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Orí ọkọ̀ mi ni ọkùnrin yẹn bẹ́. Orí fífọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ní Ayétẹ̀ ni mo ti rí ẹni tí ó mọ ìbéèrè í bi. Bàbá náà kò fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ sọ fún mi. Ṣé òwúrọ̀ tí ó tutù ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, àbí ìgbà tí ó bá ti gbóná? Ṣé ó ń gbọ̀n lórí ìdúró, àbí orí òkè nìkan? Ṣé ó ń húkọ́ ni, àbí kò kàn fà? Níbo ni ẹ ti ra epo kẹ́yìn?"

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ dúró síbí yìí pẹ̀lú mi. "Ó ń húkọ́" àti "kò fà" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ọkọ̀ tí ó ń húkọ́ ni èyí tí iná fò ní sílíńdà kan tàbí méjì. Yóò máa gbọ̀n, ìró rẹ̀ yóò máa já bí ìró ìlù tí ọ̀pá rẹ̀ ń ṣìnà. Èyí tí kò fà lè máa dún geere, ṣùgbọ́n oúnjẹ rẹ̀ kò tó, tàbí kò rí èémí mí síta: epo kò wọlé dáadáa, afẹ́fẹ́ ń jò, tàbí sàílẹ́ńsà ti dí. Àìsàn méjì ni. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ méjì fún un kò ní fi oògùn ọ̀kan wo èkejì.

Ó sì ṣàlàyé fún ọmọṣẹ́ rẹ̀, mo ń gbọ́. Ó ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù: afẹ́fẹ́, epo àti iná ni ààrò ẹ́ńjìnnì. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú sílíńdà kan, ọbẹ̀ ibẹ̀ dànù. Epo tí kò jó yóò ṣàn lọ sínú sàílẹ́ńsà, yóò lọ jó níbi tí kò yẹ, yóò sì ba asẹ́ èéfín tí ó wà níbẹ̀ jẹ́. Ohun tí iná tí ń ṣẹ́jú náà ń kìlọ̀ fún mi nìyẹn, tí n kò gbọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ó tó mú ẹ̀rọ ayẹ̀wò jáde. Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti pa á láṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí a ń tà níbẹ̀ ní ojú ihò kan náà tí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè wọ̀, kí àmì àìsàn wọn sì dọ́gba. P0300 túmọ̀ sí pé iná ń fò káàkiri. Bí nọ́ńbà ìkẹyìn bá jẹ́ 1 sí 6, sílíńdà náà gan-an ni ó ń tọ́ka sí. P0305 ni ó yọ lára ọkọ̀ tèmi.

Ẹlòmíràn ì bá ti sáré lọ ra kọ́ìlì. Bàbá ní, "Ẹ̀rọ yìí sọ ẹni tí ń sunkún fún wa, kò sọ ẹni tí ó nà án." Ẹ́ńjìnnì náà ní sílíńdà mẹ́fà, mẹ́ta níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn, níbi tí ọwọ́ kò ti tètè dé àfi bí a bá tú ilé afẹ́fẹ́ orí rẹ̀. Ìkarùn-ún wà lára àwọn ti ẹ̀yìn. Nígbà tí ó tú u, ó rí i pé pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́ta iwájú nìkan ni ẹni àkọ́kọ́ pààrọ̀. Ti ẹ̀yìn ti gbó, ẹnu wọn ti là. Abájọ tí wọ́n fi ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ! Ó gbé kọ́ìlì ìkarùn-ún sí ìkejì, ó gbé ti ìkejì sí ìkarùn-ún, ó sì pa àmì àtijọ́ rẹ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dìde, P0302 ni ó yọ. Àìsàn tẹ̀lé kọ́ìlì lọ. Ẹjọ́ ti parí: kọ́ìlì ni ọ̀daràn.

Ó ra kọ́ìlì kan àti pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́ta. Ikọ́ dá. Síbẹ̀, lórí òkè, ọkọ̀ kò tíì fà tó bí ó ti yẹ. Nítorí pé ó ti ya àìsàn méjèèjì sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò dàrú. Ó wọn agbára epo, ó rí i pé kò tó. Ó sọ páńpù kalẹ̀ láti inú táńkì. Asẹ́ ẹnu rẹ̀ ti dí fún ìdọ̀tí epo kẹ́ẹ̀gì tí mo ń rà lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà.

Wàyí o, èrò mi nìyí. Láti òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò sí awakọ̀ tí ó ní owó tí yóò fi tún àìmọ̀ ṣe. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò ti wọ ọgbà mẹkáníìkì, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó sì ń sọ. Ọmọṣẹ́ tí kò ka ìwé púpọ̀ yóò máa wo àmì bí ẹni ń wo àfọ̀ṣẹ, yóò sì máa pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́. Ohun tí yóò gbà á ni àlàyé ní èdè tí ó fi ń ronú.

Àwọn kan yóò ní ọkọ̀ kì í ṣe tiwa, kí a fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún un. N kò gbà. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí ó bá ṣeé ṣe fún ọmọ kékeré, kí ni yóò ṣòro fún ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì?

N kò sọ pé kí a wá ọ̀rọ̀ tuntun fún kọ́ìlì tàbí pọ́lọ́ọ̀gì. Yorùbá ni wọ́n báyìí, bí àlùbọ́sà ti jẹ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí a kọ gbólóhùn àwọn àgbà oníṣẹ́ wọ̀nyí sílẹ̀: "ó ń húkọ́", "kò fà", "ó ń gbọ̀n lórí ìdúró". Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ ìwádìí kiri, ẹ mú ìwé àti kálàmù lọ sí ọgbà mẹkáníìkì ní ìlú yín. Kí ni wọ́n ń pe àìsàn wọ̀nyí lọ́dọ̀ yín?

Ìyá àgbà ọjọ́sí tún wọ ọkọ̀ mi ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. A gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Kò ké pe orí rẹ̀. Oorun ni ó ń sùn.

Ire o.