Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Kì í Bọ́ Àgbà

Ẹ rìn káàkiri Ìjẹ̀bú-Òde, Ìlá tàbí Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún, ẹ ó rí àwọn ilé ńláńlá tí ilẹ̀kùn wọn wà ní títì. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́jọ, géètì onírin, kò sí ayálégbé kankan níbẹ̀. Baba tó kọ́ ọ ń gbé yàrá kan nísàlẹ̀, ó ń retí kí ọmọ tó wà ní Kánádà fi owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́. Owó gíràtúítì ló fi kan òrùlé. Ohun tó yẹ kó máa bọ́ ọ ló sọ di búlọ́ọ̀kù àti páànù.

N kò bá ilé kíkọ́ jà o. Ọmọ Yorùbá tí kò nílé nílùú rẹ̀, a mọ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ ní ìpàdé ẹbí. Ẹjọ́ tí mo ń rò ni pé ilé ìyangàn ni ọ̀pọ̀ wa ń fi ṣíwájú owó oúnjẹ. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọdún 50 tàbí 55 dípò 60, owó tí yóò máa wọlé lóṣooṣù láìjẹ́ pé ó jí lọ síbi iṣẹ́ ni kó kọ́kọ́ wá. Bí ìyẹn bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kó wá kọ́lé tó bá wù ú.

Èló wá ni yóò tó? Ẹ kọ́kọ́ wá iye tí ilé yín ń ná. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya mọ owó oṣù wọn dé kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè iye tí gáàsì, epo jẹnẹrétọ̀, dátà àti owó ọkọ̀ gbé lóṣù tó kọjá, wọn á máa wojú ara wọn. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ká ní ó jẹ́ ₦200,000 lóṣù, ₦2,400,000 lọ́dún nìyẹn. Lọ́dún 1994, ará Amẹ́ríkà kan tó ń bá àwọn èèyàn ṣètò owó wọn, William Bengen, ṣe ìṣirò kan: bí ẹni tó fẹ̀yìn tì bá yọ nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìpamọ́ rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, tó sì ń fi kún un bí ọjà bá ṣe ń gbówó lórí, owó náà lè gbé e fún ọgbọ̀n ọdún. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa ni pé kí ẹ ní ìlọ́po 25 ohun tí ẹ ń ná lọ́dún. Ọjà Amẹ́ríkà ló fi ṣe ìṣirò yẹn, a sì mọ̀ pé Nàìjíríà kì í ṣe Amẹ́ríkà. Ẹ fi ṣe ọ̀pá ìwọ̀n, ẹ má fi ṣe ìlérí.

Ìlọ́po 25 owó tí a wí yìí jẹ́ ₦60,000,000. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á fẹ́ dẹ́kun kíkà níbí. Ẹ dúró ná. ₦10,000 tí ẹ bá rí gé kúrò nínú ìnáwó oṣù, ₦3,000,000 ló gé kúrò nínú ohun tí ẹ ń wá. Bí ṣọ́ọ̀bù méjì tí ẹ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bá ń mú ₦50,000 wọlé lóṣù lẹ́yìn tí ẹ ti yọ owó àtúnṣe, mílíọ̀nù 15 ti kúrò níbẹ̀. Bí owó ìfẹ̀yìntì bá tún mú ₦50,000 wá, mílíọ̀nù 15 mìíràn tún lọ. Ó ku mílíọ̀nù 30. Ẹni tó sì ń gbé ilé kékeré tirẹ̀, tí ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ ti jáde iléèwé, ó ṣeé ṣe kó má ná tó ₦200,000 rárá. Ibi tí ṣọ́ọ̀bù méjì ti ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ nìyẹn.

Ohun tó ń ba ìṣirò yìí jẹ́ ni ọ̀wọ́n gógó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, yọ ọwọ́ kúrò lórí iye náírà. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí ₦460 ti kọjá ₦1,500 kí 2024 tó parí. Àjọ NBS tó ń ka ìṣirò fún ìjọba kéde pé láàárín ọdún kan tó parí ní oṣù Kejìlá 2024, ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọjà fi gbówó lórí. Ẹni tó ti ₦1,000,000 bọ inú àpótí ní Kejìlá 2023, nígbà tó ṣí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ohun tí nǹkan bí ₦742,000 ń rà tẹ́lẹ̀ ló lè fi rà. Olè kankan kò wọlé.

Nítorí náà, àjọ nìkan kò lè gbé wa débẹ̀. Alphaeus Taiwo Olunaike, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Alájọ Ṣómolú, tó ta mọ́tò tó fi ra kẹ̀kẹ́, bá àwọn ìyá ọlọ́jà Èkó kó owó jọ débi pé orí rẹ̀ la fi ń ṣàpèjúwe orí pípé títí dòní. Ṣùgbọ́n alájọ kì í san èlé. Òun gan-an ló ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù fún làálàá rẹ̀, ó sì tọ́ sí i. Àjọ dára fún kíkó owó jọ, kò dára fún fífi owó sí fún ọdún mẹ́wàá.

Bí ẹ bá ti kó o, ẹ gbé e lọ síbi tí yóò ti máa pọ̀ sí i. Láti 2017 ni DMO, àjọ tó ń bójú tó gbèsè ìjọba àpapọ̀, ti ń ta FGN Savings Bond, ìyẹn owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ aráàlú. ₦5,000 lẹ lè fi bẹ̀rẹ̀, ó máa ń jẹ́ ti ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni èlé sì ń wọ àkáǹtì. Treasury bill wà, ìyẹn owó tí ìjọba ń yá fún ọdún kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀; money market fund náà wà, ìyẹn àpò owó tí wọ́n ń fi sí irú ìdókòwò ìgbà kúkúrú bẹ́ẹ̀. N kò ní fi ìkùdíẹ̀-káàtó wọn pamọ́: ní 2024, èlé treasury bill ọlọ́dún kan kọjá ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ ọjà gbówó lórí jù ú lọ. Ó dín àdánù kù lọ́dún yẹn ni, kò mú un kúrò. Ìdí nìyẹn tí apá kan owó yín fi gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tó ń bá ọjà gòkè: ṣọ́ọ̀bù, ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tó ń ta ohun tí kò sẹ́ni tí kì í rà, dọ́là díẹ̀, oko.

Oko ńkọ́? Ẹ bi àwọn ará Ìdànrè. Ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 10,000 ní ọjà àgbáyé, oko baba tí igbó ti bò sì di ohun tí àwọn ọmọ ń wá pààlà rẹ̀ kiri. Owó kòkó ti wálẹ̀ gan-an láti ìgbà náà. Ẹni tó ń ro ìdí kòkó rẹ̀ nígbà tí kò lówó lórí ló jẹ èrè ọ̀wọ́n náà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ín lójú ọ̀wọ́n, yóò dúró ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó rí èso ká.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù, ẹ̀tọ́ kan wà tí ẹ kì í bojú wò. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ dá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8, sínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ tí à ń pè ní RSA. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣàkóso owó náà kọ́ ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òmíràn ló ń tọ́jú rẹ̀, PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, sì ń ṣọ́ àwọn méjèèjì. Ẹ máa yẹ àkáǹtì yín wò, nítorí àwọn ọ̀gá kan wà tó ń yọ owó lára òṣìṣẹ́ tí owó ọ̀hún kì í sì í débẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ fẹ̀yìn tì ní 45 má sì gbójú lé owó yìí: ó di ọmọ ọdún 50 kí ilẹ̀kùn tó ṣí dáadáa. Bí iṣẹ́ bá bọ́ ṣáájú ìgbà náà, tí oṣù mẹ́rin kọjá láìríṣẹ́ mìíràn, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló lè gbà. Owó tí yóò máa ná láàárín 45 sí 50 gbọ́dọ̀ ti ibòmíràn wá.

Aránṣọ, oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá, ìyá alámàlà, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ láti 2019 tí ètò micro pension, owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn, ti bẹ̀rẹ̀. Ìlànà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni pé nínú ohun tí èèyàn bá dá, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wà fún bùkátà tó bá yọjú, ìdá 60 ń dúró de ọjọ́ ogbó.

Ẹ má jẹ́ kí ìkánjú gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ní Kejìlá 2016, MMM, òwò sọ-owó-di-púpọ̀ kan, ti owó àwọn èèyàn pa. Ní oṣù Kẹrin 2025, CBEX, tó ṣèlérí pé owó yóò di ìlọ́po méjì ní ọgbọ̀n ọjọ́, dẹnu kọlẹ̀; àga àti ẹ̀rọ amúlétutù ni àwọn tó bínú kó jáde ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn. Èèyàn tó mọ ọ̀nà tí owó fi ń di méjì lóṣù kan, kí ló fẹ́ fi owó wa ṣe? Òfin ìdókòwò tuntun ti 2025 ti sọ irú òwò bẹ́ẹ̀ di ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ẹlẹ́tàn kì í dá owó padà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ìdókòwò, kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ lélẹ̀.

Owó ayẹyẹ náà ńkọ́? Aṣọ ẹbí ₦40,000 lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mílíọ̀nù márùn-ún ó dín díẹ̀ ni lọ́dún mẹ́wàá, tí a kò tíì ka owó ránṣọ àti fìlà. Ẹlòmíì ń yá owó orí fóònù rà á, kí àwọn tó yá a lówó tó máa pe ìyá ìyàwó rẹ̀ lórí gbèsè. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ ya iye kan sọ́tọ̀ lọ́dún fún ayẹyẹ àti ìrànlọ́wọ́ ẹbí. Bó bá tán, ẹ sọ pé ó tán, kí ẹ sì ki ọlọ́jọ́ ìbí lórí fóònù.

Iye tí ẹ ń ná ní oṣù mẹ́fà gbọ́dọ̀ wà ní ìkáwọ́ fún àìsàn àti àìríṣẹ́, kí ẹ má baà ta dúkìá lọ́pọ̀. Báńkì ni kó wà. NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó inú báńkì, ti gbé iye tó ń dáàbò bò dé ₦5,000,000 fún oníbàárà kan ní báńkì kan láti 2024, ọdún kan náà tí CBN gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Heritage Bank.

Gbogbo èyí tí mo sọ, tọkọtaya ni kó jọ ṣe é. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ló jẹ́ pé lẹ́yìn òkú ni wọ́n ń gbọ́ pé ọkọ ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọkọ ni kò mọ iye tí ìyàwó ní ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Lálẹ́ òní, ẹ kó ìwé ilẹ̀, nọ́ńbà RSA àti orúkọ gbogbo báńkì yín jáde sórí tábìlì, ẹ fi han ara yín, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí yóò jogún wọn sílẹ̀.