Ṣé Kí A Fa Àwòrán Ọmọ Ya?

Ìyá kan béèrè bóyá kí òun fa ìwé tí ọmọ òun ya ọsàn sí ya. Arábìnrin mi, ẹ má fà á ya. Ibn Abbas, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, gba ayàwòrán kan níyànjú pé bí kò bá lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ó máa ya igi àti ohun tí kò ní ẹ̀mí.

Paul Cézanne, ọmọ ìlú Aix ní ilẹ̀ Faransé, tí a bí ní 1839, ya ènìyàn pẹ̀lú. Èyíinì kọ́ ni mo ń wí o, èso ápù rẹ̀ ni. Àwọn ayàwòrán kan ní ìgbà ayé rẹ̀ ń lé ìmọ́lẹ̀ tí ń kọjá lọ. Òun fẹ́ kí èso dúró gbọn-in. Ó ń to ọ̀dà ní abala kékeré-kékeré: pupa àti àwọ̀ iyèyè a yọ síwájú, àwọ̀ aró a fà sẹ́yìn, èso a sì rí róbótó. (Ẹ̀yin aláró kúkú mọ agbára àwọ̀.) Ó ń pẹ́ lórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èso fi ń rà.

Ní October 1906, òjò pa á níbi tí ó ti ń yàwòrán níta; lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó kú. Ẹ ra ọ̀dà fún ọmọ náà.