Òǹkà tí ó ṣeé pín àti èyí tí kò ṣeé pín

Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe nítorí pé a mọ̀ ọ́n ju ẹlòmíràn lọ. Gbèsè kan ni ó wà lọ́rùn wa. Ọmọbìnrin àbúrò wa kan ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó jókòó ti iṣẹ́ tí olùkọ́ rẹ̀ fún un mú wálé, pé kí ó kọ gbogbo òǹkà tí kò ṣeé pín láti 1 títí dé 20. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí 2. Awa nawọ́ sí ìwé rẹ̀, a ní, “1 dà?” Ó dáhùn pé, “Bàbá, wọ́n ní a kì í kà á mọ́ wọn.” A bá a wí pé kí ó má ṣe bá àgbà jiyàn, ó sì kọ 1 sí i. Ní ọjọ́ kejì ó mú ìwé náà padà bọ̀, olùkọ́ ti fi yíǹkì pupa fa igi lé e. Kò sọ ohun kan. Ó kàn gbé ìwé náà ka orí tábìlì níwájú wa.

Nítorí náà ni a ṣe jókòó láti wá ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ mú ọsàn 12. Ẹ lè tò wọ́n ní ìlà mẹ́ta, kí mẹ́rin-mẹ́rin wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, tàbí ní ìlà méjì, mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹ wá mú ọsàn 7: bí kò ṣe pé ẹ tò gbogbo wọn sórí ìlà kan, tàbí kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà yín kò ní dọ́gba láé. Irú 12 ni àwọn olùkọ́ ń pè ní composite, irú 7 ni wọ́n ń pè ní prime.

Ọ̀rọ̀ tí a ó fi pè wọ́n ní èdè wa ni ó ṣòro díẹ̀. Bí a bá pe 12 ní òǹkà àpapọ̀, a ti ṣi ọmọ lọ́nà, nítorí àpapọ̀ ni ohun tí a rí nígbà tí a bá ro nǹkan pọ̀, 7 pẹ̀lú sì ni àpapọ̀ 3 àti 4. Bí a bá sì pe 7 ní òǹkà àkọ́kọ́, nítorí pé ohun tí ọ̀rọ̀ Látìnì tí a ti yọ prime túmọ̀ sí nìyẹn, ta ni yóò dá ọmọ lẹ́bi bí ó bá ka 1 sí olórí wọn? Euclid ará Gíríìkì, ẹni tí ó kọ̀wé ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Olúwa, sọ ọ́ lọ́nà tí ó tẹ́ wa lọ́rùn: ó ní òǹkà kan a máa wọn òmíràn. Bí a ti ń fi ọ̀pá wọn aṣọ láìṣẹ́kù, bẹ́ẹ̀ ni 3 ń wọn 12 tán ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ohun kan ṣoṣo tí ń wọn 7, yàtọ̀ sí òun tìkara rẹ̀, ni 1.

Àwọn baba wa pẹ̀lú ti fi irú ìmọ̀ yìí pamọ́ sínú orúkọ òǹkà. Ọgọ́ta ni ogún mẹ́ta, ọgọ́rin ni ogún mẹ́rin, ẹgbẹ̀ta ni igba mẹ́ta. Ẹni tí ó gbọ́ orúkọ náà ti gbọ́ ohun tí yóò pín in. Nígbà tí a ń ná owó ẹyọ, 40 ni ó wà lórí okùn kan, 50 okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá 10 sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyí ni 20,000. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo orúkọ ni ó sọ òtítọ́ yìí fún wa. Márùndínláàádọ́ta kò wí fún ẹnikẹ́ni pé 5 lọ́nà 9 ni òun. Mọ́kàndínlógún àti mọ́kànlélógún sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ ogún bí ìbejì, síbẹ̀ 3 àti 7 pín 21, nígbà tí kò sí ohun tí ó pín 19.

Ti 1 wá ńkọ́? Kò ṣeé pín ní tòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò kà á mọ́ irú 7, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Bí a bá tú 12 palẹ̀ títí kò fi ṣeé tú mọ́, 2 lọ́nà 2 lọ́nà 3 ni a ó bá, ẹnikẹ́ni tí ó bá tú u yóò bá ohun kan náà. Gauss, ará Jámánì, fi ẹ̀rí èyí hàn fún gbogbo òǹkà nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1801. Bí a bá gba 1 láyè, a ó lè kọ ọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀wàá, ìdáhùn kò sì ní jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo mọ́. Ó tù wá nínú díẹ̀ pé ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, D. N. Lehmer, ṣì fi 1 bẹ̀rẹ̀ àkójọ tirẹ̀ ní 1914.

A pe ọmọ náà, a sì bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bẹ̀ mí, Bàbá,” lẹ́yìn náà ni ó béèrè bóyá 91 ṣeé pín. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu wa pé kò ṣeé pín! Ó dára tí a kọ́kọ́ dán an wò: 2 kò pín in, 3 kò pín in, 5 kò pín in, ṣùgbọ́n 7 pín in sí 13. A kò sì nílò láti dán ju 7 lọ, nítorí 10 lọ́nà 10 jẹ́ 100. Bí òǹkà méjì bá bí 91, ọ̀kan nínú wọn kò gbọdọ̀ tó 10. Bẹ́ẹ̀ ni a kò dán 4 àti 6 wò, nítorí ohun tí wọ́n bá pín, 2 ti pín in ṣáájú. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kùnà lórí 97, nítorí náà kò ṣeé pín.

Eratosthenes ará Kírénè ti fi asẹ́ kan sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí ní ohun tí ó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn. A kọ òǹkà láti 2 dé 100 sílẹ̀, ọmọ náà sì mú gègé. Ó fi 2 sílẹ̀, ó pa gbogbo ìlọ́po rẹ̀ rẹ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún 3, fún 5, àti fún 7. Òǹkà 25 ni ó kù sínú asẹ́, 74 ni ó sì ti jò kọjá.

Ìbéèrè kan nìyí fún àwọn ọmọ yín títí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀: nínú 119, 127 àti 133, ẹyọ kan ṣoṣo ni kò ṣeé pín. Èwo ni? Kí wọ́n fi 11 kún àwọn mẹ́rin tí a ti lò, nítorí 11 lọ́nà 11 jẹ́ 121.