"Ó rẹ̀ mí" nìkan ò tó níwájú dókítà

Ọ̀rọ̀ òní lè bí ẹlòmíì nínú, ṣùgbọ́n mo máa sọ ọ́.

Bí ọ̀pọ̀ wa bá ń lọ rí dókítà, owó àti carnet nìkan là ń mú dání. Dókítà á ní kí ló ń ṣe wá, a ó ní: "Ó rẹ̀ mí." Ó parí. Wọ́n á kọ oògùn ibà fún wa, a ó gba ilé lọ. Lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, a ó ní dókítà ò mọ nǹkan kan, pé ayé ló wà nídìí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Bí a ṣe ń lọ sọ́dọ̀ babaláwo la ṣe ń lọ sí ọsibítù. Lọ́dọ̀ babaláwo, èèyàn á sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí owó, á sì máa retí kí Ifá sọ ohun tó gbé e wá. Dókítà ò ní ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ohun tí o bá sọ ló máa fi wá ọ̀nà.

Ẹ wo àìsàn thyroïde. Ẹ̀yà ara kékeré kan nìyẹn, tó rí bíi labalábá níwájú ọrùn. Ó ń tú èròjà sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń sọ fún ọkàn, ìfun, awọ ara àti ọpọlọ bí wọ́n ṣe máa yára ṣiṣẹ́ tó. Bí kò bá ṣiṣẹ́ tó, ara á dà bí ààrò tí igi ń tán nídìí ẹ̀. Àárẹ̀ ò ní lọ. Òtútù á máa mú èèyàn lóṣù kẹta tí ooru Parakou ń lé gbogbo wa síta. Á máa sanra láì jẹun jù. Ìgbẹ́ á ṣòroó yà, irun á máa já, awọ á gbẹ, ohùn á há, ìgbàgbé á wọlé, nǹkan oṣù obìnrin á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin ló sì ń ṣe jù.

Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń dé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jọ nǹkan míì. Ìgbà tí a bá kó wọn jọ ni dókítà tó lè fura. Ẹni tó bá mú ẹyọ kan ṣoṣo wá, kí ni kó fi rí i?

Nílé ńkọ́? Ọ̀lẹ là ń pe obìnrin bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ àti ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Iodine tó wà nínú iyọ̀ ni thyroïde fi ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2000, àwọn olùwádìí tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ iléèwé tó jẹ́ ọdún 7 sí 11 ní àríwá Benin wa níbí, níbi tí iodine ti ṣọ̀wọ́n. Àwọn tí iodine ara wọn pọ̀ sí i ṣe dáadáa nínú ìdánwò ọpọlọ ju àwọn tí tiwọn ò yí padà lọ. Ẹ ronú iye ọmọ tí a ti pè ní olódo.

Ẹnì kan á ní: "Maître, dókítà ló kàwé, kí ni kí èmi máa kọ?" Dókítà mọ ìwé, ìwọ lo mọ ara rẹ. Nítorí náà, kó tó di ọjọ́ rendez-vous, kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀:

1. Ohun tó yí padà lára rẹ, àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Bí o ò mọ ọjọ́, sọ pé "lẹ́yìn Iléyá" tàbí "nígbà ìkórè iṣu."
2. Gbogbo oògùn tí ò ń lò, títí kan àgbo àti oògùn ojú ọ̀nà. Má fi pamọ́. Biotine tí àwọn kan ń lò fún irun lè yí èsì àyẹ̀wò padà.
3. Bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ní gẹ̀gẹ̀ tàbí àìsàn thyroïde, bóyá o lóyún, tàbí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Aláboyún ò gbọdọ̀ fi falẹ̀ rárá, nítorí ọpọlọ ọmọ inú nílò èròjà yìí.
4. Ìbéèrè rẹ: Ṣé ẹ máa yẹ TSH àti T4 wò? Báwo ni mo ṣe máa lo oògùn, ìgbà wo ni mo máa padà wá?

TSH ni ohùn tí ìsàlẹ̀ ọpọlọ fi ń pe thyroïde. Bí thyroïde bá ń tòògbé, TSH sábà máa ń ga, nítorí pé ariwo ìpè ń pọ̀ sí i. Má rí nọ́ńbà tó ga kí o máa yọ̀.

Mi ò ní gbogbo àárẹ̀ ni thyroïde o. Àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ṣúgà náà ń rẹ èèyàn. Má lọ fi orúkọ àìsàn lé dókítà lọ́wọ́. Sọ ohun tí o rí, kí àyẹ̀wò ṣe ìdájọ́. Má sì lo oògùn ẹlòmíì.

Bí o ò bá lè kọ ọ́, kí ọmọ rẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹni tó gbọ́ Faransé tẹ̀ lé ọ. Èmi tí mo fi Faransé kàwé ló ń sọ ọ́: òótọ́ tó wà ní Yorùbá sàn ju "ça va" tí a fi ń tan dókítà.

Bí ìyá tàbí àbúrò rẹ bá ń lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí, jókòó tì í lálẹ́ òní pẹ̀lú ìwé àti gègé. Ẹ bá mi pín in. Kí ara ó le o.