Ẹ̀wọ̀n Ẹsẹ̀ Kì Í Ṣe Oògùn



Ìyá kan wọ ilé oògùn wa lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó ní kí a ta oògùn egbò fún òun. A bi í pé ibo ni egbò náà wà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ òun ni, ẹ̀wọ̀n ló dá a sí i. Ọlọ́kadà ni ọmọ náà, tramadol ló ń lò. Wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ní wọ́n ti ń tọ́jú irú wọn. Oṣù mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó dé tó tún fi padà sídìí rẹ̀. Ìyá náà wò wá, ó ní: "Dókítà, kí ló kù tí a lè ṣe?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ìwádìí tí àjọ UNODC ti ìṣọ̀kan àgbáyé àti àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ṣe nípa ọdún 2017 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ọmọ Nàìjíríà, láti ẹni ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró tàbí ṣi oògùn lò lọ́dún náà. Ìwọ̀-oòrùn gúúsù tí àwa wà ló pọ̀ sí jù. Àwa náà ń rí i nílé. Ọmọ tó ń gba iṣẹ́ oko ní kí òun lè kọ ebè púpọ̀ ni òun ṣe ń lò ó. Ọlọ́kadà ní kí oorun má baà kun òun lọ́nà Ṣakí sí Ìsẹ́yìn ni. Bí ilẹ̀ bá wá ṣú, lára ìyàwó àti ọmọ ni ìbínú wọn máa ń bọ́ sí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ọlọ́pàá kó èèyàn 259 jáde nínú ilé kan tí wọ́n fi orúkọ Ìsìláàmù ṣe ìtọ́jú ní Òjòó, n'Ìbàdàn. Ṣáájú ìgbà náà, lóṣù kẹsàn-án, èèyàn tó lé ní 300 ni wọ́n bá ní Rigasa, ní Kaduna, tí ẹ̀wọ̀n wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹbí ló fọwọ́ ara wọn mú ọ̀pọ̀ wọn lọ. A kò pe àwọn òbí bẹ́ẹ̀ ní ìkà. Wọn kò mọ ibòmíràn tí wọn ì bá gbà ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ẹ̀wọ̀n ń ṣe. Ẹni tí tramadol ti mọ́ lára, bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, òógùn á bò ó, inú á máa ṣu, eegun á máa ro ó, kò ní rí oorun sùn. Gìrì lè gbé e. Ẹni tó ń mutí líle lójoojúmọ́, tàbí tó ti ń lo oògùn oorun bíi Valium fún ìgbà pípẹ́, lè kú bí ó bá ṣíwọ́ lójijì láìsí dókítà nítòsí. Ẹ wá ro irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n ń nà pé àlùjọ̀nnú ló wà lára rẹ̀. Bí ó bá sì jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ara rẹ̀ kò gba ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ó bá lo ìwọ̀n yẹn, ó lè pa á.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ mọ́sáláṣí Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan ní Òkè-Ògùn pé kí wọ́n yan èèyàn méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, kí wọ́n sì rán wọn lọ kẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń gba ẹni tí oògùn tàbí ìyà inú ilé ti bà jẹ́. Ohun tó ṣeé ṣe ni. Àjọ ìlera àgbáyé gbé ìlànà mhGAP jáde lọ́dún 2010 láti fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà ọpọlọ, wọ́n sì ti dán an wò láwọn ilé ìlera alábọ́ọ́dé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ní Àrò, l'Abẹ́òkúta, láti àwọn ọdún 1950 ni Dókítà Adéoyè Lambo ti ń jẹ́ kí aláìsàn gbé abúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ nígbà ìtọ́jú.

Kí ni wọn yóò kọ́? Bí a ti ń fetí sílẹ̀ láì bú èèyàn. Bí a ti ń pa àṣírí mọ́, tí a kò ní fi ọmọ ẹlẹ́ni ṣe wáàsí. Bí obìnrin bá wá sunkún, kí a bi í léèrè níbi tí ọkọ rẹ̀ kò sí pé ṣé ẹ̀mí rẹ̀ dè nílé, kí a tó sọ̀rọ̀ sùúrù. Bí ẹni tó lo oògùn bá sùn tí kò jí, tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀, kí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀, kí a má rọ mílíìkì tàbí epo sí i lẹ́nu, kí a gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Kí wọ́n sì mọ ẹni tó yẹ kó lọ sílé ìwòsàn ìjọba ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, àti ẹni tó yẹ kó dé UCH tàbí Àrò.

Àwọn kan á ní àdúà ti tó. A kò ní kí ẹnikẹ́ni fi àdúà sílẹ̀. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi yé wa pé Ẹni tó dá àìsàn dá ìwòsàn rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n mú ọ̀mùtí kan wá síwájú rẹ̀ léraléra, àwọn kan sì ṣépè fún un. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ànábì kọ̀ fún wọn láti ṣépè fún ẹni tó ṣì fẹ́ràn Ọlọ́hun.

Àwa olóògùn náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan nínú wa ń ta tramadol fún ẹni tí kò mú ìwé dókítà wá. Bí a bá fẹ́ kí Lèmọ́mù gbọ́ tiwa, ọwọ́ tiwa ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ́.

Ìyá náà àti ọmọ rẹ̀ ti lọ rí dókítà. A kò ní sọ pé ó ti parí, nítorí àìsàn yìí a máa padà, ẹni tó bá sì padà sínú rẹ̀ ṣì ní ìrètí. Ṣùgbọ́n egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jiná, ó sì tún ń jókòó sí sàfù pẹ̀lú wa ní ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun Ọba wo àwọn ọmọ wa sàn. Àmín.