Irin Láti Inú Ìràwọ̀: Ǹjẹ́ Èdè Yorùbá Lè Sọ Ọ́?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé èdè wa kò lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Èrò tiwa yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ kan tí ó le dán èdè náà wò: níbo ni irin ti wá?

Nígbà tí àgbáyé bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún 13.8 sẹ́yìn, kò sí irin, kò sí ọ́síjìn tí à ń mí. Háídírójìn àti hílíọ̀mù ni ó wà, pẹ̀lú ìwọ̀nba lítíọ́mù. Inú ìràwọ̀ ni a ti rọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù. Ooru àárín ìràwọ̀ a máa yọ́ háídírójìn pọ̀ di hílíọ̀mù. Bí ó bá yá, hílíọ̀mù a di kábọ̀nù àti ọ́síjìn. Nínú àwọn ìràwọ̀ ńláńlá, iṣẹ́ náà a máa lọ títí dé orí irin. Ibẹ̀ ni ó pin sí, nítorí pé yíyọ́ irin pọ̀ kì í mú agbára wá, ńṣe ni ó ń gba agbára. Àárín ìràwọ̀ náà a wó sínú ara rẹ̀, ìràwọ̀ a bú gbàmù, ohun tí ó rọ a sì fọ́n ká gbalasa òfuurufú.

Inú ìkùukùu tí ó gba ogún yìí ni a tún ti ń bí ìràwọ̀ mìíràn. Báyìí ni àkójọ èròjà inú agbo ìràwọ̀ ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ní ti ìràwọ̀, òdì-kejì ni: irin àwọn àgbà ni ó kéré, àwọn tí a bí gbẹ̀yìn ni ó jogún púpọ̀.

Ẹ̀rí wà. Ní ọdún 1952, Paul Merrill rí tẹkinísíọ̀mù nínú ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ kan. Irú èròjà yìí tí ó pẹ́ jù a máa dín kù sí ìdajì láàárín nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 4, àwọn ìràwọ̀ náà sì ti dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí a bá bá àkàrà gbígbóná nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò jáde, a mọ̀ pé inú ilé náà ni wọ́n ti dín in.

Kí ni a yá nínú àlàyé yìí? Orúkọ nìkan. Yọ́, rọ, wó, bú, fọ́n ká, jogún: kò sí èyí tí a yá nínú wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríkì fi ń pe oòrùn ni wọ́n ti rí hílíọ̀mù.

Lóòótọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìṣe bá ti yé yóò tètè kọ́ orúkọ. Ẹni tí ó há orúkọ sórí lásán kò mọ ohun tí ó ń pè. Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kì í rẹ̀yìn.

Nítorí náà, kí ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la má ṣe dúró de ìgbà tí a ó túmọ̀ gbogbo orúkọ. Iṣẹ́ Yorùbá ṣì wà lórí àtẹ àkókò. Kí ni ó dé tí àyọkà inú rẹ̀ kò fi lè sọ ìtàn irin?