Bátìrì Kì Í Ṣe Àká Iná

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí atúmọ̀-èdè wo iṣẹ́ tí ohun èlò kan ń ṣe kí ó tó fún un ní orúkọ Yorùbá. Ẹni tí ó bá pe bátìrì ní “àká iná” yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, nítorí ohun tí àgbẹ̀ bá kó sínú àká náà ni yóò kó jáde.

Ohun èlò kan wà tí orúkọ náà tọ́ sí. Òun ni ìgò Leyden, tí àwọn onímọ̀ ṣe ní 1745 sí 1746. Láti ìta ni wọ́n ti ń fi iná mànàmáná sínú rẹ̀. Ọ̀wọ́ irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni Benjamin Franklin pè ní bátìrì ní 1749, orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀wọ́ àgbá ogun.

Ohun tí Alessandro Volta, ará Ítálì, kọ ìwé nípa rẹ̀ sí Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1800 yàtọ̀. Ó to fàdákà àti síǹkì pẹlẹbẹ léra, ó sì fi páálí tí ó rẹ sínú omi iyọ̀ sí àárín wọn. Ẹnikẹ́ni kò fi iná sínú òkìtì yìí, síbẹ̀ iná ń ti inú rẹ̀ jáde. Volta fi í wé ẹ̀yà ara ẹja òkun kan tí ń mú ọwọ́ apẹja gbọ̀n, gẹ́gẹ́ bí òjìjí ti í ṣe nínú odò. Apẹja kò sì jẹ́ sọ pé ẹnìkan ni ó kó agbára sínú òjìjí.

Olùkọ́ lè fi èyí han ọmọ ilé-ìwé. Kí ó fi ìṣó páànù tí ó ní síǹkì lára àti wáyà bàbà gún ọsàn wẹ́wẹ́, kí méjèèjì má ṣe kan ara wọn. Agbára ọsàn kan kò pé fólítì 1, ṣùgbọ́n bí ó bá so mẹ́rin pọ̀, ìṣó ti ọ̀kan mọ́ bàbà ti èkejì, gílóòbù LED kékeré lè tàn bàìbàì. Síǹkì ni ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ tí iná fi ń jáde. Omi kíkan ọsàn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé bátìrì ọkọ̀ ńkọ́, irú èyí tí Gaston Planté ṣe ní 1859, tí ń gba iná sára? Iná tí ó gbà ń yí òjé àti ásíìdì inú rẹ̀ padà ni. Nígbà tí ìyípadà náà bá ń padà sẹ́yìn ni iná tuntun ń jáde.

Nítorí náà, kí “bátìrì” tí tilé-tọjà ti gbà dúró bẹ́ẹ̀. Kí “àká iná” sì jẹ́ orúkọ ìgò Leyden àti kapásítọ̀ inú rédíò, tí í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀.